Orúnkún ọmọ mi rọ́ lórí pápá: ṣé mímú ara gbóná níléèwé ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ìyá kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14 ni, 4ème (ọdún kẹta) ló wà ní CEG (iléèwé girama), ó fẹ́ràn hándìbọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ó fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù, bó ṣe balẹ̀ báyìí ni orúnkún ọ̀tún ẹ̀ rọ́, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án o. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin náà fi kókósẹ̀ ṣèṣe lórí pápá kan náà lọ́dún tó kọjá. Bàbá wọn ní ó tó gẹ́ẹ́, ká lọ gba dispense (ìwé tó ń yọ ọmọ kúrò nínú eré ìdárayá) lọ́dọ̀ dókítà kó má ṣe EPS (kíláàsì eré ìdárayá) mọ́ títí tó máa fi jáde iléèwé. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Mo lọ bá prof (olùkọ́) wọn, ó ní àwọn ń ṣe échauffement (mímú ara gbóná) dáadáa, wọ́n ń sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń na ara kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá ń ṣe é, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ṣèṣe? Ṣé nǹkan yẹn ń ṣiṣẹ́ àbí wọ́n kàn ń fi àkókò ṣòfò?”

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ kiné (fífi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé) ni mo ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó ti lé ní ọdún 18 báyìí, àwọn ọmọ iléèwé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gun bẹ́ẹ̀dì mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín ò ṣàjèjì sí mi rárá. Bó ṣe yé mi, nǹkan mẹ́ta lẹ ń bèèrè. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣe orúnkún ọmọ náà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tì í, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mímú ara gbóná lè dènà irú ẹ̀, tó bá sì lè dènà ẹ̀, kí ló dé tí tiwọn ò fi dènà ẹ̀, ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá kó fi eré ìdárayá sílẹ̀ pátápátá. Mi ò ní lè dá wọn yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí ọ̀kan wọnú èkejì, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, mi ò sì ní fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá rí ọmọ tó ń fò sókè, tí ẹnikẹ́ni ò gbá a, tí kò fẹsẹ̀ kọ òkúta, tó kàn balẹ̀ tó sì figbe ta, onítọ̀hún á wá ẹni tó ṣe é. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín yìí gan-an ni ọ̀nà tí orúnkún àwọn ọmọbìnrin fi ń bàjẹ́ jù nínú hándìbọ́ọ̀lù, nínú básíkẹ́ẹ̀tì àti nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ní ìlú òyìnbó àti níbí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá fò tó fẹ́ balẹ̀, tàbí tó ń sáré bọ̀ tó dúró lójijì, tàbí tó fẹ́ ṣẹ́rí padà wàrà láti sá fún ẹlòmíì. Tó bá balẹ̀ tí orúnkún ẹ̀ ò tẹ̀, tó le gbagidi bí òpó, tàbí tí orúnkún yẹn wọ inú bí ẹni pé orúnkún méjèèjì fẹ́ kí ara wọn, gbogbo ìwúwo ara á bọ́ sórí okùn kékeré kan tó wà láàárín orúnkún, òun ló so egungun itan mọ́ egungun ojúgun. Okùn yẹn ò lè dá gbogbo ara gbé. Ẹran itan, ẹran ìdí àti ti ẹ̀yìn itan ló yẹ kó bá a gbé e, tí àwọn yẹn bá wá jí pẹ́, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, okùn ti fà, nígbà mìíì ó ti já. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìyá wa. Bí ara ṣe balẹ̀ ló fà á, ohun tó sì ń fún mi láyọ̀ níbẹ̀ ni pé bí ara ṣe ń balẹ̀, kíkọ́ là ń kọ́ ọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọmọ ọdún 13, 14, 15 lọ̀rọ̀ yìí ń bá, tí àbúrò wọn ọmọ ọdún 8 tó ń já bọ́ láti orí igi máńgòrò á dìde, á gbọn ìdí, á sá lọ. Ìdàgbàsókè ni. Àwọn ọmọbìnrin máa ń yára ga jù ní nǹkan bí ọdún 12, àwọn ọkùnrin ní nǹkan bí ọdún 14, ní àsìkò yẹn egungun ló máa ń ṣáájú, ẹran ara àti iṣan á máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ ronú ọmọ tí ọkọ́ kúkúrú ti mọ́ lọ́wọ́, tí ẹ wá fún ní erùkọ́ tó gùn jù ú lọ lóru ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi ṣá kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga ṣe rí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tuntun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ti àwọn obìnrin tún ní àfikún, torí tí wọ́n bá ti bàlágà, ìwúwo wọn á pọ̀ sí i ṣùgbọ́n agbára itan wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí ti ọkùnrin àyàfi tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún un, ìdí nìyẹn tí okùn àárín orúnkún wọn fi ń já ju ti ọkùnrin lọ nínú eré kan náà, ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé obìnrin ò yẹ fún eré o, wọn ò kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ wọn ni.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un kí n tó kúrò níbẹ̀. Ibi tí egungun ọmọ ti ń gùn, tó wà nítòsí oríkèé, ó ṣì rọ̀, iṣan tó sì lẹ̀ mọ́ ọn á máa fà á ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sáré tàbí tó fò. Tó bá pọ̀ jù, ọmọ á ní iwájú orúnkún ń dun òun nísàlẹ̀, ẹ óò rí kókó kan tó yọ síbẹ̀, tàbí kó ní gìgísẹ̀ ń ro òun tó bá ti sáré. Osgood-Schlatter ni àwọn dókítà ń pe ti orúnkún, wọ́n ń pe ti gìgísẹ̀ ní Sever. Mo ti rí òbí tó na ọmọ nítorí ẹ̀, wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń ṣe, tí kò fẹ́ lọ pọnmi. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Èyí ò jọ ti ọmọ yín tó rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, mímú ara gbóná nìkan ò sì lè wò ó, dídín eré kù fún ìgbà díẹ̀ ló ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti échauffement. Orúkọ yẹn gan-an ló ń tàn wá. Wọ́n ní ká mú ara gbóná, a wá rò pé ooru nìkan là ń wá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí, mo tiẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu prof kan pẹ̀lú, pé ilẹ̀ wa ti gbóná jù, pé ní ọ̀sán gangan oṣù kẹta ní Kétu, kí la tún fẹ́ mú gbóná? Oòrùn ń mú awọ gbóná ni, kò jí iṣan, kò sì kọ́ orúnkún bó ṣe máa tẹ̀. Sísáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n ń ṣe dáa, mi ò bú u, ó ń jẹ́ kí ọkàn àti èémí múra sílẹ̀. Ti nína ara yẹn, kí ọmọ tẹ̀ kó fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ kó wà níbẹ̀ bí ère, òun la rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó ń dènà ìfarapa, èmi náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ níléèwé, àwọn ìwádìí sì ti fi hàn pé kò fi bẹ́ẹ̀ dènà nǹkan kan tó bá dá wà, àní tí ọmọ bá na iṣan kan ju ìṣẹ́jú kan lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, agbára iṣan yẹn máa ń dín kù fúngbà díẹ̀. Kí wọ́n fi sí ìparí eré tí wọ́n bá fẹ́. Nítorí náà, ìyá wa, prof ò parọ́ fún yín, wọ́n ń ṣe échauffement lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú èyí tí wọ́n ń ṣe tó kọ́ ọmọ yín bó ṣe máa balẹ̀. Bíbalẹ̀ ló sì ṣe é léṣe.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wà, a sì ti rí ẹ̀rí ẹ̀. FIFA àti àwọn oníṣègùn eré ìdárayá gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 11+, ìṣẹ́jú 20 ni, kò gba nǹkan kan ju pápá àti bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n dán an wò ní Norway lára ọmọbìnrin 1,892 tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún 13 sí 17, èsì ẹ̀ jáde ní 2008, ìfarapa àwọn tó ṣe é fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti àwọn tí kò ṣe é, àwọn ìfarapa ńlá tó ń mú ọmọ jókòó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ sì dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Àwọn kan á ní Norway nìyẹn, ilẹ̀ yìnyín, ọmọ tó yó, pápá tó tẹ́jú. Ó dáa, ẹ wo Èkó níbí tí kò jìnnà sí wa. Owoeye, kiné bíi tèmi, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe irú ẹ̀ nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó, ẹgbẹ́ 20, ọmọkùnrin 416, ọmọ ọdún 14 sí 19, wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2014: ìfarapa dín kù ní ìdá 41 nínú 100, ti ẹsẹ̀ nìkan dín kù ní ìdá 48. Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn ni mo jáwọ́ nínú sísọ pé nǹkan òyìnbó ni. Oòrùn tó ń pa wọ́n l’Ékòó ló ń pa wá níbí, irú ọmọ tí a ní ni wọ́n ní.

Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ sáré pẹ̀lẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 8, ṣùgbọ́n kì í ṣe sísáré lásán, wọ́n á máa gbé orúnkún sókè kí wọ́n ṣí i síta, kí wọ́n tún gbé e kí wọ́n pa á wọlé, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ rìn yí ara wọn ká, wọ́n á fò kí èjìká kan èjìká, wọ́n á sáré síwájú kí wọ́n fẹ̀yìn rìn padà. Ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀ lé e ló ni iṣẹ́ gan-an. Ọmọ á fi ìgbọ̀nwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara ró, kí ẹ̀yìn gún bíi pákó, á tún fi ẹ̀gbẹ́ ṣe é. Á kúnlẹ̀, ẹnì kejì á di kókósẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, òun á wá máa jẹ́ kí ara lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ láìtẹ ìbàdí, títí tí kò fi ní lè gbà á mọ́, kó fọwọ́ gba ilẹ̀: èyí ń fún ẹ̀yìn itan lágbára gan-an, àwọn àgbàlagbà agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣe é déédéé, ìfarapa ẹ̀yìn itan wọn ń dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Á dúró lẹ́sẹ̀ kan bíi lékeléke kí ẹnì kejì máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Á tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, á dìde. Á wá fò sókè, á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á balẹ̀. Ìparí ẹ̀, ìṣẹ́jú 2, eré líle, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ kan gúnlẹ̀ kí wọ́n ṣẹ́rí sí ọ̀tún, sí òsì.

Nínú gbogbo ẹ̀, ti fífò àti bíbalẹ̀ yẹn ni mo máa ń dúró sí jù. Tí mo bá wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ, gbólóhùn méjì péré ni mò ń pariwo. Ìkíní: mi ò fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Ọmọ tó bá balẹ̀ gbìì, orúnkún ẹ̀ ò tẹ̀ nìyẹn, kó balẹ̀ bí ológbò. Ìkejì: orúnkún ò gbọ́dọ̀ kí orúnkún. Mo máa ń ní kí wọ́n pín ara wọn sí méjìméjì, kí ọ̀kan fò kí èkejì dúró níwájú ẹ̀ kó máa wo orúnkún ẹ̀ bóyá ó wọlé, torí ọmọ ò lè rí orúnkún ara ẹ̀ tó bá ń fò. Ẹ óò rí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ju ìdajì wọn lọ tí orúnkún wọn ń wọlé, àwọn ọmọbìnrin tó ga fíofío yẹn pàápàá. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹwàá tí wọn ò sì fo ọjọ́ kankan, ó ti ń di bárakú, wọn ò ní rántí pé àwọn ń ṣe é mọ́, nínú eré gan-an ni ẹ óò ti rí i. Prof tó bá kàn ń ka iye tí wọ́n ṣe tí kò wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bóyá ni nǹkan á ti ibẹ̀ jáde.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń le, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan tó tán. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí iléèwé bá wọlé títí wọ́n á fi gba holidé, àwọn tó ń ṣe é déédéé ló ń jàǹfààní ẹ̀ jù. Iléèwé kan wà tí mo lọ kọ́ wọn fúnra mi, inú wọn dùn, wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje, ìdíje parí, wọ́n pa á tì, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Ó dùn mí gan-an. Mo mọ ìṣòro àwọn prof náà o. Wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀ ni EPS, ọmọ 60 sí 70 nínú kíláàsì kan, bọ́ọ̀lù méjì, wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á pe orúkọ, tí ẹ bá wá ní kó fi ìṣẹ́jú 20 ṣe èyí, ó máa rò pé ẹ fẹ́ jẹ gbogbo ọjọ́ ẹ̀. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kó kọ́ ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà nínú kíláàsì dáadáa, kí àwọn yẹn máa darí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, kí òun máa rìn káàkiri kó máa tún wọn ṣe. Èkejì, kì í ṣe dandan kí gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀rẹ̀. Ní Australia wọ́n dán an wò kí wọ́n gbé àwọn ìdárayá líle yẹn sí ìparí eré, lára àwọn àgbàlagbà agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n kò bà á jẹ́, àwọn tó ń ṣe é sì pọ̀ sí i torí kò rẹ̀ wọ́n kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Tí prof bá ní ìṣẹ́jú 10 péré, èmi á ní kó mú fífò àti bíbalẹ̀, dídúró lẹ́sẹ̀ kan, àti ti ẹ̀yìn itan, kó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn, mo fi ohun tí ojú mi ń rí sọ ọ́ ni.

Kò sì ní dènà gbogbo nǹkan. Ó kéré tán ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ má baà bínú sí prof lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá ṣèṣe. Ẹni tí wọ́n gbá lójúgun, ẹni tí wọ́n forí kọ lu, mímú ara gbóná ò lè gbà á. (Tí ọmọ bá forí gbá nǹkan tí ojú ẹ̀ ṣókùnkùn tàbí tí kò mọ ohun tó ń sọ, kò gbọ́dọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ yẹn, kódà kó máa sọ pé òun ti yá.) Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó fi kókósẹ̀ ṣèṣe, màá kọ́kọ́ bèèrè pápá tó gbá bọ́ọ̀lù lé, torí ilẹ̀ pupa Kétu yẹn, tí òjò bá ti wẹ̀ ẹ́, kòtò àti òkúta wẹẹrẹ ló ń kù, ti Ṣábẹ̀ẹ́ lẹ́bàá òkè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tiwa ní Àjàṣẹ́ iyanrìn ni, ẹsẹ̀ ń rì. Kí àwọn ọmọ tò kí wọ́n ṣa òkúta kúrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti dán náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀, tó ti rìn kìlómítà mẹ́rin wá, tí kò sùn dáadáa, ara ẹ̀ ò lè yára dáhùn. Ọmọ tó ń gbá fún iléèwé, tó ń gbá fún àdúgbò, tó tún ń gbá lọ́jọ́ Sunday, òun ń wá ìsinmi ni, kò nílò ìdárayá mìíì. Ní Canada, ní Calgary, wọ́n gbé irú ètò yìí wọnú kíláàsì eré ìdárayá iléèwé fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16, ìfarapa àwọn obìnrin dín kù ní nǹkan bí ìdajì, ti àwọn ọkùnrin ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọkùnrin Èkó jàǹfààní ẹ̀. Èmi ń rò ó pé àwọn ọmọ Èkó yẹn ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́, kóòṣì ń dúró tì wọ́n, tí ti kíláàsì sì rọrùn láti fi ṣeré, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀.

Ní ti dispense, ẹ bá mi bẹ bàbá wọn. Ẹ̀rù ọmọ ẹ̀ ló ń bà á, baba rere ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fúngbà díẹ̀, kí orúnkún fi san, dispense dáa, èmi náà máa ń dámọ̀ràn ẹ̀. Títí tó máa fi jáde ni mi ò fara mọ́. Ọmọ ọdún 14 tó bá jókòó fọ́dún mẹ́rin, itan ẹ̀ á rọ̀, orúnkún tó ń sá fún ìfarapa yẹn gan-an ò ní ní ẹni tó máa dì í mú, tó bá di ọjọ́ tó gun zémidjan (ọ̀kadà) tó fò sílẹ̀, tàbí tó gbé ẹrù lọ́jà tó fẹsẹ̀ yẹ̀, kò ní sí agbára kankan níbẹ̀. Àsìkò yìí sì ni egungun ń kó agbára jọ fún ọjọ́ alẹ́, fífò àti sísáré ló ń fún un lágbára. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù pápá yẹn ló ń bà yín, ẹ jẹ́ kó fi í sílẹ̀ fún sáà kan kó máa ṣe ìdárayá orúnkún, ìyẹn yàtọ̀ sí pé kó má ṣe nǹkan kan. Ó sì tún ní nǹkan kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: ẹni tó ti ṣèṣe lẹ́ẹ̀kan, òun ló súnmọ́ ọn jù láti tún ṣèṣe, nítorí náà bó ṣe máa padà ṣe pàtàkì ju bóyá kó padà lọ.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, orúnkún yẹn gbọ́dọ̀ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í léèrè: ṣé ó gbọ́ ìró “pà” nínú orúnkún nígbà tó balẹ̀? Ṣé ó wú láàárín wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ṣé orúnkún yẹn máa ń yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ nísinsìnyí tó bá ń rìn? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjì nínú wọn, ẹ̀rù ń bà mí fún okùn àárín yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò egungun nìkan sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan, torí fọ́tò yẹn ń fi egungun hàn, kì í fi okùn hàn. Ẹni tó máa di ẹsẹ̀ ọmọ mú tó máa fi ọwọ́ dán orúnkún wò lẹ ń wá. Àwọn bàbá wa tó ń to eegun, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ ló ní ọwọ́ tó dáa, ṣùgbọ́n orúnkún ọmọ tó ṣì ń dàgbà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń yí, ibi rírọ̀ tí egungun ti ń gùn yẹn lè bàjẹ́. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfarapa náà, kò sí omi gbígbóná, kò sí òrí tí wọ́n ń fi agbára rà mọ́ ọn, ẹ wé e pẹ̀lẹ́, ẹ gbé e sókè lórí ìrọ̀rí, ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé sí i fún ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 tó bá ń ro ó. Tó bá jẹ́ kókósẹ̀ tí kò sì lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e lọ ya fọ́tò. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá fún ọmọ yín, ẹ kàn mọ̀ ọ́n fún ẹlòmíì.

Tí wọ́n bá ní okùn ò já, tó sì jẹ́ pé ó fà lásán, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kò sì ní padà síbi bọ́ọ̀lù títí orúnkún fi máa nà tán, tí kò ní wú mọ́ lẹ́yìn tó bá rìn pẹ́, tó sì lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò tó ti èkejì láìbẹ̀rù. Tí okùn bá ti já, ọ̀rọ̀ gùn, ó kéré tán oṣù mẹ́sàn-án kó tó ronú àtibá ẹlòmíì du bọ́ọ̀lù, bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àbí wọn ò ṣe é, ẹni tó bá sì yára padà ṣáájú ìgbà yẹn ń wá ìkejì ni. Níbi tí ẹ ti ń dúró, ẹ lè jẹ́ kó máa dúró lẹ́sẹ̀ tí kò dùn ún yẹn nígbà tó bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, èyí tó dùn ún kó dúró dìgbà tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti prof, ẹ má lọ bá a jà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn prof EPS wa, INJEPS (iléèwé tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá) níbí ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣàjèjì sí wọn, ẹ ní kó bá yín fi bíbalẹ̀ àti dídúró lẹ́sẹ̀ kan kún ohun tó ń ṣe, kí ẹ gbé e dé ìpàdé àwọn òbí náà, kó má dà bí ẹni pé ìyá kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tí ẹ bá ti gbé ọmọ náà lọ, ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, pàápàá bóyá orúnkún yẹn ń yẹ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, torí ìyẹn ni màá fi mọ irú ìdárayá tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀.